Ọba àti Darandaran Níwájú Ìkókó: Ère Ìbí Jésù Láàrin Yorùbá

Oríṣi àlejò méjì ló wà nínú ère ìbí Jésù tí àwọn ìjọ máa ń tẹ́ sílẹ̀ lásìkò Kérésìmesì. Àwọn darandaran sáré wá láti inú pápá lóru. Àwọn amòye gbé wúrà, tùràrí àti òjíá wá láti ìlà-oòrùn. Lúùkù ló sọ ti àwọn darandaran, Mátíù ló sọ ti àwọn amòye. Mátíù kò pe àwọn amòye ní ọba, kò sì sọ iye tí wọ́n jẹ́. Àwọn Kristẹni ìgbà àtijọ́ ló ti inú Sáàmù 72 àti Àìsáyà 60 fi oyè ọba jẹ wọ́n, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn mẹ́ta ka orí mẹ́ta. Ní ti òbí ọmọ náà, ẹyẹ ni wọ́n fi rúbọ ní tẹ́ḿpìlì, ẹbọ ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àgùntàn.

Ní ọdún 1223, ní Greccio ní ilẹ̀ Ítálì, Francis ará Assisi kó koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ, kí àwọn èèyàn lè fojú ara wọn rí ìṣẹ́ tí wọ́n bí ọmọ náà sí. Kò gbẹ́ ère kankan. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ìlú Naples, ère ti wọ ṣẹ́dà, àwọn ọlọ́lá sì ń náwó lé e lórí. Alágbe àti oníṣòwò ẹ̀bá ọ̀nà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé àwọn ọba náà ló máa ń gba ojú ẹni tó ń wò.

Ilẹ̀ Èkìtì ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1947, fadá méjì láti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Agbẹ́gilére, ahunṣọ àti onílẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1954. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì-Ìlọrin, ni ọ̀gá agbẹ́gilére. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, tí í ṣe Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn amòye tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ọba Yorùbá.

Ìpinnu ńlá nìyẹn. Gbogbo ìlú ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba aládé; ọba kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kan. Bí aládé bá wá júbà ìkókó tálákà, ohun tí Yorùbá rí nínú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ohun tí àlejò láti òkèèrè lè rí lọ. Agbẹ́gilére ilẹ̀ yìí sì ti mọ bí a ṣe ń fi títóbi ara hàn nínú igi: ẹni tó gun ẹṣin tóbi, àwọn ìránṣẹ́ kéré. Síbẹ̀, ọba kọ́ ló máa ń tóbi jù nígbà gbogbo. Lára òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914, ayaba ló dúró lẹ́yìn ọba, ó sì ga ju ọba tó jókòó lọ. Nítorí náà, ère tí ìyá ọmọ ti níyì ju aládé lọ kò ṣàjèjì ní Èkìtì.

Èyí tó ṣòro jù ni ibùjẹ ẹran, nítorí ewúrẹ́ ilé Yorùbá ń jẹ̀ káàkiri ni. Ní Àgbábù, ìlú kan nínú igbó Òdìgbò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ahéré inú oko kòkó ni ìbá bá a mu, ilé onígi tí a fi imọ̀ bò, níbi tí àgbẹ̀ tó wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń sùn. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kan náà ni bítúmẹ̀nì wà, ọrọ̀ tí wọ́n ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, síbẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja pípa ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń jẹun. Ère tí a bá gbẹ́ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ahéré ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà níwájú.

Bí wọ́n ṣe ń to àwọn ère wọ̀nyí náà ní ìtumọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Àgùdà, àwọn darandaran ló máa ń wà níbẹ̀ láti òru Kérésìmesì. Àwọn ọba kì í dé ibùjẹ ẹran títí di ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ àjọ̀dún Ìfarahàn.