Ìgò Epo Ní Ìgbà Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá mú ní òkè Ẹ̀fọ̀n, epo pupa a máa dì nínú ìgò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, olùkọ́ ọ̀la, ní bí ó bá yọ́, yóò fúyẹ́. A kò bá wọn jiyàn: a dé epo dídì mọ́ inú agolo pinpin, a wọ̀n ọ́n, a fi omi gbígbóná yọ́ ọ, a nu agolo gbẹ, a tún un wọ̀n. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò yẹ̀. Òfin tí Lavoisier ará Faransé kọ sílẹ̀ ní 1789 nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wá dìde: kí ló dé tí ìgò tí ìyá òun rọ kún lálẹ́ fi ń wálẹ̀ lówúrọ̀, tí oníbàárà ń pè é ní olè? Ìbéèrè rẹ̀ ju tiwa lọ. Epo tí ó dì a máa súnkì. Àyè rẹ̀ ni ó dín, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. A wọn ìgò kan lálẹ́ àti lówúrọ̀ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà, ó wá yá òṣùwọ̀n wa.