ỌJỌ́ ÌSINMI KAN LẸ́TÍ ÒKUN



Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ pé kí ènìyàn fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ títí tí ọ̀sẹ̀ fi parí, tí ó sì wá ọjọ́ kan fi sinmi, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà ìsinmi pọ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù ni kí ènìyàn mú ajá rẹ̀ rìn lẹ́tí òkun ní òwúrọ̀, kí ó sì bá ìgbì ṣeré nígbà tí oòrùn bá gòkè díẹ̀. Eré méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, kókó rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ìmọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ìsinmi jẹ́ ìsinmi. Ẹni tí kò bá mọ ìwà ajá rẹ̀, tí kò sì mọ ìwà òkun, lè fi ẹ̀rín jáde nílé kí ó fi ẹkún wọlé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tèwe tàgbà, ẹ fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Èkó ni ó ń gbé. Ó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ní ajá kan tí ó sọ ní Tanímọ̀la, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Yorùbá tí ó máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra, ó di Tarkwa Bay.

Ibi tí wọ́n lọ

Kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tí mọ́tò lè gbà dé Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, bàbá yìí fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó wọ tirẹ̀, ó sì rí i pé okùn àti ìdè wọn le dáradára. Àwọn èrò kan fi ẹ̀wù tiwọn ṣe tìmùtìmù, wọ́n jókòó lé e lórí. Ẹ̀wù tí a jókòó lé kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú bí etíkun yìí ti rí. Ní àtijọ́, iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà omi Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọlé. Forcados ni wọ́n ti máa ń já ẹrù, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké yóò sì kó o wá sí Èkó. Láti ọdún 1908 ni ìjọba ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun, tí wọ́n fi mọ ògiri gígùn sí apá ìlà-oòrùn àti apá ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀nà náà. Ọkọ̀ ńlá rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n òkun ní òfin tirẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn ni omi ti ń wọ́ iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun náà. Nígbà tí ògiri òkúta dí i lọ́nà, iyanrìn ń kó jọ sí apá kan, ó sì ń dín kù ní apá kejì. Báyìí ni òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Bar Beach ní Victoria Island, tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, títí ó fi di pé a tún ní láti kó iyanrìn àti òkúta padà síbẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ Eko Atlantic. Tarkwa Bay, tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri apá ìwọ̀-oòrùn, ni omi rẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn etíkun tí ó kọjú sí agbami. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní fojú kéré òkun: ohun tí a bá ṣe sí i níhìn-ín, yóò dáhùn lọ́hùn-ún.

Ìrìn òwúrọ̀ pẹ̀lú ajá

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni bàbá náà yàn láti mú ajá rìn, ó sì ní ìdí. Bí oòrùn bá ti mú, iyanrìn a máa gbóná débi pé ó lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé iyanrìn. Bí òun kò bá lè gbà á mọ́ra, kí ó mọ̀ pé ajá náà kò lè gbà á mọ́ra.

Tanímọ̀la wà lórí okùn. Kì í ṣe pé ó burú. Etíkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: ọmọdé ń sáré níbẹ̀, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀rù ajá ń bà láti kékeré. Ajá tí ó tú sílẹ̀ a tún máa hú ihò nínú iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjàpá inú òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin wọn sínú iyanrìn etíkun ilẹ̀ wa lóru. Ohun tí ajá fi ìṣẹ́jú kan hú jáde lè jẹ́ gbogbo ọmọ tí ìjàpá kan ì bá bí.

Bàbá náà gbé ìgò omi tútù kan dání fún ajá rẹ̀, nítorí bí òùngbẹ bá ń gbẹ ajá, yóò lá omi òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò sì mú un bì, yóò sì mú un ṣu. Ó gbé àpò kékeré dání pẹ̀lú, tí ó fi ń kó ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n aràn kan wà nínú ìfun ajá tí ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọ rẹ̀ a máa gbé inú iyanrìn tútù, a sì máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, tí yóò máa yún un kíkankíkan. Nítorí náà, ẹni tí ó kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ kò ṣe fújà. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ tí ó ga jù nípa ajá ni ti digbòlugi. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn yìí ń pa ní ayé, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ó rọrùn láti dènà: abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí a gbà fún ajá, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, bí ó ti wù kí ojú ọgbẹ́ náà kéré tó, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe fi ata tàbí epo sí i, kí a má sì dúró wo bóyá ajá náà yóò kú. Ìwé àjẹsára Tanímọ̀la wà nílé, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì kọjá.

Eré orí ìgbì

Nígbà tí oòrùn gòkè, ọmọ náà gbé pákó rẹ̀ lọ sínú omi. Eré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní surfing nìyí. Ẹni tí ń ṣe é yóò dojú bolẹ̀ lórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi títí ìgbì yóò fi gbé e. Nígbà náà ni yóò fò dìde dúró, tí ìgbì yóò sì máa gbé e bọ̀ wá sí èbúté bí ẹni gun ẹṣin. Okùn kan wà tí a fi so pákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí pákó má baà bọ́ lọ kọlu ẹlòmíràn, kí ó sì wà nítòsí ẹni tí ó ni ín bí ó bá ṣubú.

Àwọn kan rò pé eré àjèjì ni. Òtítọ́ ni pé àwọn ará Hawaii ni ó sọ ọ́ di olókìkí, àti pé láti ìdíje Olympic ti Tokyo, tí ó wáyé ní 2021, ni ó ti wọ inú eré Olympic. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1837, Òyìnbó arìnrìn-àjò kan, James Edward Alexander, ròyìn pé òun rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n tẹ́ pákó sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì nínú òkun, tí wọ́n sì ń gùn ún wá sí etí ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn láti òkèèrè. Ní 1966, nígbà tí fíìmù Amẹ́ríkà tí a ń pè ní The Endless Summer jáde káàkiri, gbogbo ayé rí àwọn agungbì tí wọ́n dé etíkun Èkó. Lónìí, àwọn ọmọ tí a bí sí Tarkwa Bay ń gun ìgbì náà, wọ́n sì ń kọ́ àlejò.

Ibi tí omi ti dákẹ́

Nígbà tí ó tó bí aago mọ́kànlá, ó wu ọmọ náà kí ó kúrò nínú omi rírọ̀, kí ó lọ wo apá ibi tí etíkun kọjú sí agbami. Ó rí i pé ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, ṣùgbọ́n láàrin méjèèjì omi dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Ó rò pé ibẹ̀ ni ó rọrùn jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ omi náà fun fèrè sí i, ó ń juwọ́. Ọmọ náà kò gbọ́. Ajá tí yóò sọnù, àwọn àgbà wí pé kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ibi tí omi dákẹ́ yẹn gan-an ni ewu wà. Gbogbo omi tí ìgbì ń rọ́ wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà. Ó máa ń kó jọ sójú ọ̀nà tóóró kan láàrin iyanrìn tí ó wà lábẹ́ omi, a sì máa sáré padà sí agbami bí odò. Nítorí pé ó ń sáré jáde ni ìgbì kì í fi í fọ́ níbẹ̀ dáadáa. Omi yìí kì í fa ènìyàn wọ ìsàlẹ̀. Ó ń gbé e jáde ni. Ohun tí ń pa ènìyàn ni pé yóò kọjú sí èbúté, yóò máa bá omi jà, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Òmùwẹ̀ ni í bómi lọ, nítorí pé òun ni ó gbójú lé apá rẹ̀.

Kí ọmọ náà tó mọ̀, etí ilẹ̀ ti jìnnà sí i. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa wẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ nílé, ọ̀rọ̀ náà sì wá sọ́kàn rẹ̀. Ó dì mọ́ pákó rẹ̀ tí okùn so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i. Lẹ́yìn náà, kò kọjú sí èbúté mọ́. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wa omi ní ìbú bí etíkun ti nà lọ, títí ó fi jáde kúrò nínú ọ̀nà omi náà, tí ó sì dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìgbì fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá sílẹ̀.

Lórí iyanrìn, nǹkan le fún bàbá. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó bẹ́ sínú omi. Tanímọ̀la ń gbó, ó ń fa okùn, òun náà fẹ́ bẹ́. Bàbá dì í mú, ó sì di ara rẹ̀ mú. Ó ké sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní pákó, ó sì mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí ó ní ìdérí sọ́wọ́, kí ó lè jù ú sí ọmọ rẹ̀ bí ó bá súnmọ́ tòsí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan bọ́ sí omi, tí àwọn méjì tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ láti gbà á, tí ó sì di òkú mẹ́ta. Sùúrù bàbá yìí nira ju lílúwẹ̀ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, bàbá wà láàyè láti gbá a mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2021, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹbí tí kò lè kàn. Ọjọ́ ọdún ni ọ̀pọ̀ òbí ń kó ọmọ lọ sí etíkun, nígbà tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi tó ọmọ mọ́.

Nítorí náà, kí òbí yan àgbàlagbà kan tí kò ní ṣe ohun mìíràn ju pé kí ó máa wo àwọn ọmọ, kí ó má mutí, kí ó má sì fi ojú sórí fóònù. Kí a bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti burú kí a tó bọ́ aṣọ. Kí àwọn ilé ìwé tí ó wà létí omi kọ́ ọmọ ní bí a ti ń wẹ̀ àti bí a ti ń léfòó, bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ padà, ẹ̀wù wọn lọ́rùn, ìdè rẹ̀ le. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé orí ajá lé itan rẹ̀, ó sì mú okùn rẹ̀ dání fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá àwọn yóò tún lọ. Bàbá ní àwọn yóò tún lọ, ṣùgbọ́n òun náà yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń wẹ̀.