Ẹrù Tí À Ń Gbé Gun Òkè

Nígbà tí ẹ ní kí oníròyìn yín wá sọ̀rọ̀, ẹ rò pé òṣèlú ni n óò sọ. Rárá o. Gbèsè kan ni mo wá jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600, gbogbo wa la ti gùn ún. Ká ní ìyá kan ń dáná lókè láyé àwọn baba wa, tó sọ̀kalẹ̀ wá mú iyọ̀, tó gùn ún padà, tó tún sọ̀ wá mú ata, ìgbà wo lọbẹ̀ máa jinná?

Bí PHP ṣe ń ṣe nìyẹn. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìkànnì ìwé ìròyìn ni. Rasmus Lerdorf ló gbé e jáde ní 1995. Tí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan, á lọ ka fáìlì, á túmọ̀ ẹ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, á jẹ́ iṣẹ́, á sì da gbogbo ẹ̀ nù. Ẹlòmíì dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Fáìlì 100, ìrìn 100.

Níbi iṣẹ́ ìròyìn kan tí mo wà rí (ẹ má bi mí lórúkọ), èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì. Ó ń fà bí ìgbín. Mo bá ní kí ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kó gbogbo fáìlì sínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ibi tí àkókò ń lọ ná." Mo ní kó ṣe ohun tí mo wí.

Ó yára díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni. Alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù October 2020 wá dé, wọ́n ń ka èsì ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èmi fúnra mi tọwọ́ bọ fáìlì ńlá yẹn láti fi ibi èsì sí i, mo gbàgbé ààmì semicolon kan. Gbogbo ìkànnì kú! Ká ní a pín in ni, ojú ìwé èsì nìkan ni ì bá dákú. Àwọn èèyàn wa nílé, tí wọ́n fi owó jíjẹ ra dátà, òfìfo ni wọ́n bá. Wọ́n bi wá pé ta ló kó fáìlì pọ̀. Mo dákẹ́. Ọmọ náà ni wọ́n lé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wọ̀n ọ́n. OPcache, tó ti ń bá PHP rìn láti PHP 5.5 ní 2013, ẹnikẹ́ni ò tàn án. Òun ló ń tọ́jú ìtumọ̀ fáìlì sórí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ kì í fi í sọ̀ wá mú iyọ̀ mọ́. Tó bá ti wà níbẹ̀, iye fáìlì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àwa èèyàn ni pínpín ń ràn lọ́wọ́, ká lè tètè rí ibi tó bàjẹ́. PHP sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe fáìlì kìkì nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ bá kàn.

Olè gidi wà níbòmíì. Àkọlé ìròyìn 30 ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ wa, a sì ń padà lọ bá dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrìn 31 fún ohun tí ìbéèrè kan lè kó wá lẹ́ẹ̀kan náà! Bí mo ṣe kó fáìlì pọ̀ tó, n kò fọwọ́ kan ìyẹn.

Ìkànnì ẹgbẹ́ wa tí ẹ ní kí n tún ṣe, mo ti pe ọmọkùnrin yẹn sí i, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ó gbà, àmọ́ ó ní òun á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Mo ní kó wọ̀n ọ́n.