Ta Lo Rí ní Dùbáì?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kùmásì, láti Fante New Town títí dé Zongo, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Dùbáì àti Abu Dhabi ni mo gbé wá lónìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ Ẹ́mírétì.

Àwọn ọmọ wa tó lọ ṣe ọlọ́dẹ tàbí gbálẹ̀gbálẹ̀ lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá dé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Àwọn Lárúbáwá yẹn? Agbéraga ni wọ́n. Wọn kì í ṣiṣẹ́, owó epo ni wọ́n ń jẹ.” Ẹ bi wọ́n léèrè ta ni ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n á ní ará Íńdíà ni. Ta ni ẹ jọ ń sùn nínú yàrá? Ará Pakistan àti ará Nepal. Ọmọ onílẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n á ní àwọn máa ń rí i nínú mọ́tò olówó ńlá, tó wọ jalabíà funfun báláú.

Kò yà mí lẹ́nu. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé ilẹ̀ yẹn, bóyá ni ọmọ onílẹ̀ fi ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣe, nítorí náà èèyàn lè lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀ láìwọ ilé ẹnì kankan nínú wọn.

Owó epo yẹn pàápàá kò tíì pẹ́. Ọdún 1958 ni wọ́n rí epo ní Abu Dhabi, ọdún 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun. Kó tó dìgbà yẹn, òkun ni wọ́n ń bọ́ sí láti wá péálì. Òmùwẹ̀ á fi nǹkan há imú, á so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ kó lè tètè dé ìsàlẹ̀, á ṣa ìkarawun sápò, á wá fa okùn kí wọ́n gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe láti àárọ̀ títí dalẹ́, síbẹ̀ gbèsè ọ̀gá ọkọ̀ kì í tán lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí péálì tí àwọn ará Japan ń sìn bí ẹní sin ẹja gba ọjà ní bí ọdún 1930 sí 1939, ebi wọ̀lú. December 2, 1971 ni àwọn ìlú wọn tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Bàbá arúgbó inú mọ́tò olówó ńlá yẹn lè jẹ́ ọmọ òmùwẹ̀ tó jẹ gbèsè wọ sàréè.

Ẹni tó bá ráyè wọ ilé wọn, dàbínù àti kọfí ni wọ́n á fi gbà á lálejò. Kọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, kò ní ọwọ́, díẹ̀ sì ni wọ́n ń bù sí i. Bí o bá kàn nà án padà, wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Àfi kí o mi kọ́ọ̀bù náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á tó mọ̀ pé ó tó. Ẹni tí kò bá mọ̀, á mu kọfí títí tí oorun á fi dá lójú rẹ̀!

Àwọn Aṣáńtì ní òwe kan: ojú àlejò tóbi, àmọ́ kò fi rí inú ìlú. Ojú kan náà ni wọ́n sì fi wo àwa náà nílẹ̀ Gánà. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé Yorùbá tó wà níbí lé ní 100,000, wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí wá. Ìdí àtẹ nìkan ni àwọn ọmọ Gánà ti ń rí àwọn ìyá wa, ni wọ́n bá ní ahun ni àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá, àti pé owó nìkan ni wọ́n mọ̀. November 18, 1969, ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde nílùú. Àwọn tí wọ́n bí sí Kùmásì níbí, tí wọ́n gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, di ẹrù wọn. Ní January 1983, Nàìjíríà náà lé ọmọ Gánà. A ò sàn jù wọ́n lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń gbèjà olówó o. Òfin tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá tó mú un wá ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù, inú ilé ọmọ onílẹ̀ gan-an ni òmíràn ti rí i. Ìwà ìkà ni, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Ṣùgbọ́n àwọn ajẹntì tó parọ́ owó oṣù fún wọn ńkọ́? Ìgboro wa níbí ni wọ́n wà, wọ́n sì gbọ́ èdè wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ẹ rí i pé ìwé àdéhùn iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọ bàálù. Láti June 15 sí September 15, òfin ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n ní kí ẹ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Òfin ibẹ̀ kò sì gba ọ̀gá kankan láyè láti fi pásípọ́ọ̀tù yín pamọ́. Ẹ má gbé e fún un.