Pańla Ìyá Mi ní Bergen

Wọ́n ní kí n sọ ìrìn-àjò mi, kí n má sì pẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi wa gúnlẹ̀ sí Bergen ní ilẹ̀ Norway, wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n fún wa. Àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì. Èmi fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. (Òjò ìlú yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí!) Kò pẹ́ tí mo fi dé Bryggen, àwọn ilé onípákó tó fara ti ara wọn létí omi. Iná jó wọn ní 1702, wọ́n sì tún wọn kọ́ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí 1360 ni àwọn oníṣòwò ará Jámánì ti tẹ̀dó síbẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dáná nínú ilé pákó wọ̀nyẹn. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀. Kí ni wọ́n wá rà? Pańla! Ẹja tí wọ́n sá gbẹ lápá àríwá, tó le bí igi.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi dúró. Pańla ni ìyá mi tà fi rán mi níwèé. Àpò àpò ló ń rà á, kò mọ ibi tó ti ń wá títí ó fi kú. Ní ọjà ẹja, òórùn rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́. Mo dúró níbẹ̀ títí fèrè ọkọ̀ fi dún. Eré ni mo sá padà, ẹyọ pańla kan lábẹ́ abíyá.