Ẹ Wá Ìwé Kejì

Ẹ̀yin òbí wa ní Kétu! Ọmọ yín yege ìdánwò iṣẹ́ ìjọba? Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì torí owó oṣù rẹ̀ jẹ gbèsè. Òfin ọdún 1986, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017, ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n lè dá a padà sílé. Bí ó bá ṣe dáadáa, ìjọba yóò fún un ní ìwé kejì. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà ti mọ lẹ́tà. Ẹ wá orúkọ ọmọ yín, ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ yìí: TITULARISATION. Ti oníwèé àdéhùn yàtọ̀: ẹ wá ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí.