Ìsọ̀ Wa Náà Lè Kọ́ Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní Ọjọ́ Àjọ̀dún

 

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a sọ̀rọ̀ lórí owó ẹ̀yáwó gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú àwọn tó jẹ wá lówó. Ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ sọ lónìí. Báwo ni ìyá tó ń tajà, tó bí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ṣe lè máa kọ́ wọn níwèé nílé àti ní ìsọ̀? Ibo ló sì yẹ kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ?

Ẹ rántí ọdún 2020. Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí àrùn kòrónà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Àwọn ọmọ SS3 wọlé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ nítorí ìdánwò WAEC, àmọ́ ó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún àwọn yòókù. Oṣù mẹ́fà gbáko! Àwa tí a kò mọ ju ká gbé ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ká sì sáré lọ sọ́jà, gbogbo wa di tíṣà lójijì.

Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n OGTV, wọ́n pè é ní Ogun DigiClass. Ètò tó dára ni, a kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Iná ló kù. Tíṣà á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìṣirò sójú pátákó tán, á kù kó ṣàlàyé, iná á lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò rí ọjà tà lọ́jọ́ méjì kò ní ra epo torí ìṣirò. Àwọn ilé ìwé mìíràn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fóònù kan ló wà nílé, ọmọ mẹ́ta ń jà sí i, ìyá náà sì fẹ́ fi pe ẹni tó ń kó ọjà bọ̀ láti oko. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó máa ń borí nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà, ní Èkó àti lókè òkun, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan kí wọ́n máa kọ́ ọmọ wọn nílé. Ìyá á jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dọ́sàn-án pẹ̀lú ìwé àti kọ̀ǹpútà. A kò bá wọn jà. Tiwa yàtọ̀ ni. Ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní ABD, tí oníbàárà ń pè é pé "Ìyá Ṣadé, èló ni panla?", kí ló fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe lọ́dọ̀ àwọn yẹn?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan nínú wa ní Ìbàfò ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ń bẹ níjókòó. Ọmọ márùn-ún ló ní lọ́wọ́ nígbà yẹn: ọ̀kan ní JSS3, ọ̀kan ní JSS1, ọ̀kan ní páímárì kẹrin, ọ̀kan ní páímárì kìíní, èyí àbíkẹ́yìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé mẹ́fà lòun fúnra rẹ̀ kà. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ gbìyànjú láti dúró síwájú wọn bíi tíṣà, ẹ̀rín ni wọ́n fi òun rín. Ó wá yí i padà. Ó fi ẹ̀kọ́ èyí tó wà ní JSS1 lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó fi ti páímárì kẹrin lé èyí tó wà ní JSS1 lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí òun ń ṣe ni pé ní alẹ́, tí oúnjẹ bá ń bẹ lórí iná, oníkálukú á wá sọ fún un, ní Yorùbá, ohun tó kọ́ àti ohun tí a kọ́ ọ. Bí àlàyé ẹni tó kọ́ ni bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí a kọ́, ó mọ̀ pé ẹnì kan kò ṣiṣẹ́. Kò nílò kó mọ ìwé JSS kó tó mọ ìyẹn. Ìjọ̀ngbọ̀n ibẹ̀ ni pé èyí àgbà fẹ́ràn kó máa kó ìkó fún àwọn àbúrò, ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyá tó gba ipò ọ̀gá ilé ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkókò náà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ní òun máa kọ́ ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ní Mowé, ìgbà tí oorun bá mú ọjà lẹ́yìn aago kan, tí oníbàárà dín kù, ni àwọn kan ń lò. Wọ́n á tẹ́ àpò sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìdajì wákàtí péré, lójoojúmọ́. Ìdajì wákàtí ojoojúmọ́ sàn ju odindi Sátidé tí ọmọ á fi sunkún.

Ìṣirò ni ọjà wa fi ju kíláàsì lọ. Ká sọ pé a ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ní 30,000 náírà, owó ọkọ̀ rẹ̀ 2,400. Abọ́ ogún ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a tú u, abọ́ méjì ti jẹrà. Èló la máa ta abọ́ kan kí owó wa tó pé? Ọmọ páímárì á yára dáhùn pé 1,500, ó ti gbàgbé owó ọkọ̀, ó sì ti gbàgbé èyí tó jẹrà. Ẹ má nà án. Ẹ ní kó tún un ṣe. Bó bá ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, á di 32,400. Bó bá pín in fún abọ́ méjìdínlógún, á rí 1,800. Bí a bá wá tà á ní 2,000, èrè wa jẹ́ 3,600. Ẹ bi èyí tó wà ní JSS pé ìdá kélòó owó tí a ná nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Ọmọ tó bá ṣe èyí títí oṣù kan, kò sí ìwé ìṣirò tó máa dẹ́rù bà á. Òun náà á sì mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ kì í fi rẹ́rìn-ín tí ọkọ̀ tòmátì bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé, "Èmi tí n kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ?" Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn kan tó kù, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn, lẹ́yìn náà òyìnbó. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, títí kan inú èdè òyìnbó gan-an! Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí a máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ páímárì, wọ́n sì tún yí i padà ní 2025. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe ní ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó ṣòfin fún ẹnu wa nílé.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé Yorùbá fún wọn. Aláwìíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, kọ, a ṣì ń rí i rà. Ìyá tí kò mọ ìwé kà rárá náà lè ṣe é: kí ọmọ kà á sókè, kí ìyá gbọ́, kó sì bi í pé, "Kí ló wí? Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Bí ọmọ bá ń fò tàbí tó ń hùmọ̀ ohun tí kò sí níbẹ̀, etí ìyá á gbọ́ ọ, torí Yorùbá tí kò jọra wọn kì í pamọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí wa mọ èyí tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú wàláà ní ilé kéwú, ọmọ á kà á sókè, àgbà á máa gbọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kà fúnra rẹ̀, kò pẹ́ jù. Ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ olú ìlú wa, ní 1944, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà níwèé. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ti bímọ. Láti inú ìjókòó ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti gbòòrò ní 1946, àwọn yìí náà ló sì ja ìjà owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ìlọ́jà ni wọ́n, bíi tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ń dùn wá. Ní Ifọ̀, ọmọbìnrin kan wà tó wà ní páímárì karùn-ún nígbà kòrónà. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé ṣí, ìyá ní kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí àwọn fi san gbèsè. Ọ̀sẹ̀ méjì di táàmù, táàmù di ọdún, yunifọ́ọ̀mù kò gba ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo wa là ń yìn ín pé ọmọ gidi ni, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan wá ra gàrí lápò lápò, ó na fóònù sí i pé òun ti fi owó ránṣẹ́. Ọmọ yìí kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀ yé, ojú sì tì í láti sọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí. Ìyá rẹ̀ nà án. Ta ló yẹ kí wọ́n nà?

Ẹ̀kọ́ ìsọ̀ tí a ń sọ yìí, àfikún ni. Kò lè rọ́pò ilé ìwé fún àwa tí ojú wa wà lára ọjà. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ọ̀ranyàn ni kí òbí fi ọmọ sílé ìwé láti páímárì títí dé JSS3, ilé ìwé ìjọba kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí ni lẹ́ẹ̀kìíní. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹni tó ń sọ pé owó ìtanràn náà kéré, ọmọ tó ti kọjá ọjọ́ orí ni kó wò. Lóòótọ́, ìwé, bàtà àti owó ọkọ̀ kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

Àwọn olóyè ti jọ jókòó lórí rẹ̀. A fẹ́ kí a ya ẹ̀yáwó ilé ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yáwó ọjà, kó máa jáde nínú oṣù kẹjọ kí ilé ìwé tó wọlé, kí a sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí di Kérésìmesì. Èkejì, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní yàrá ẹ̀yìn tí ẹgbẹ́ ń kó àga sí ní Ifọ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ti dúró máa wá kàwé, kí wọ́n lè padà sí kíláàsì. Ọmọ alájàpá gàrí yẹn ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kìíní, ìyá rẹ̀ sì ti gbà. A ń wá ìyá méjì fún irú èyí ní Mowé àti méjì ní Ìbàfò. Lẹ́yìn oúnjẹ ni a ó dìbò lórí méjèèjì. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, kó sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ á bá a kọ ọ́.